Bíréèkì Já, Fóònù Ni Wọ́n Ń Wò: Ohun Tó Ń Mú Kí Ìtàn Fani Mọ́ra

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa ìtàn àti fíìmù, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ yín. Lóṣù tó kọjá, bíréèkì ọkọ̀ mi já níbi tí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan. Ọmọ mi ọkùnrin wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń rojọ́ fún èmi bàbá rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run yọ wá. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn èèyàn mi níbi tí a kóra jọ sí, ojú fóònù ni àwọn kan ń wò, ẹnì kan ní 'Ọlọ́run ṣeun,' ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àbúrò mi obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀: ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láìdáa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, ló bá ṣèèṣì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà gan-an. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́, wọ́n ń bi í pé 'Kí lo wá ṣe?' Ṣé ẹ̀bùn ni ìtàn sísọ ni? Àbí kí èmi náà máa bù mọ́ ọn? Kí ló sì dé tí mo fi lè wo fíìmù tí mo ti mọ òpin rẹ̀ láìmọye ìgbà tí kò sú mi, tí ìtàn tèmi tó jẹ́ òótọ́ ò dùn létí ẹnikẹ́ni?"

Ẹ kú ewu. Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ìtàn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Bíréèkì tó já lórí òkè, tọmọ-tọmọ nínú ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ó sì hàn sí mi pé ara ohun tó ń dùn yín ni pé àwọn èèyàn yín ò ṣe bí ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe fẹ́ bàjẹ́ tó. Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yín, ó ju ọ̀rọ̀ kí ìtàn dùn lọ. Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí ohun tó gbọ̀n yín jìgìjìgì kò fi kan ẹlòmíràn lára, nígbà tí ohun tí kò ju ìka tó ṣi fóònù tẹ̀ lọ gba gbogbo ilé lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń kọ ìtàn àti àwọn tó ń kọ eré fún fíìmù ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n sì máa ń gbé wá, àfi pé oníkálukú ń gbé e gba ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀kan á ní ìtàn òun ní ogun nínú, ikú wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó kà á ò lè kà á dé ìdajì.

Èrò kan wà tó yẹ ká tú kúrò nílẹ̀ ná, ìyẹn èrò pé bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ìtàn rẹ̀ á ṣe dùn tó. Òun ló ń ba ọ̀pọ̀ ìtàn jẹ́, torí pé ẹni tó bá ní ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá lọ́wọ́ máa ń gbára lé e pé á dá iṣẹ́ náà ṣe. Kì í dá a ṣe. Ilé jó, ọkọ̀ dojú dé, wọ́n jí owó rẹpẹtẹ gbé: ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn, a ó mi orí, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ohun tó ń mú wa jókòó ti ìtàn ni pé ẹnì kan ń fẹ́ nǹkan, ohun kan dúró lọ́nà rẹ̀, a ò sì mọ ibi tó máa já sí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ìtàn kọ́kọ́rọ́ tó sọnù tó láti mú èèyàn lọ́kàn. Bí wọn ò bá pé, ẹ lè sọ̀rọ̀ ogun kí oorun máa kun ẹni tó ń gbọ́ yín.

Ẹ wá wo ti àbúrò yín. Kó tó sọ gbólóhùn méjì tán, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti mọ ohun tó fẹ́: ó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kí ọ̀gá tó rí i. Wọ́n mọ ohun tó ń lé e bọ̀, torí àmì kékeré méjì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà lè yí padà di búlúù nígbàkigbà. Wọ́n mọ ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ìkankan nínú rẹ̀ fún wọn, torí ọ̀pọ̀ wọn náà ti ṣi ọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ rí, tàbí kí wọ́n ti bẹ̀rù pé àwọn ṣi í. "Kí lo wá ṣe?" tí wọ́n ń bi í yẹn ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ pé ìtàn ti mú wọn. Ẹni tó bá ń béèrè ohun tó kàn ò lè máa wo fóònù.

Ní tiyín, ẹnikẹ́ni ò ráyè béèrè. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ bí ẹ ṣe to ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà yín fi díẹ̀ hàn mí: bíréèkì já, Ọlọ́run yọ wá. Bí ẹni tó kọ́kọ́ sọ èsì bọ́ọ̀lù fún wa kó tó máa ròyìn bí wọ́n ṣe gbá a lọ̀rọ̀ náà rí. Ìṣòro kan sì tún wà tí kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń sọ bí òun ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, òun náà ló jókòó síwájú wa yìí, ara rẹ̀ le koko. Bóyá ó yè tàbí kò yè kọ́ ni ìbéèrè wa mọ́, a ti rí ìdáhùn ìyẹn kó tó lanu. Ìbéèrè mìíràn ló gbọ́dọ̀ wá sínú ìtàn náà, ìtàn yín kò sì fún wa ní ọ̀kankan.

Ìwádìí àtijọ́ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá rò pé ìgbésí ayé àwọn kéré jù fún ìtàn. Lọ́dún 1944, Fritz Heider àti Marianne Simmel, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣe fíìmù kékeré kan tí kò tó ìṣẹ́jú 3. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀, kò sí ẹranko, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Onígun mẹ́ta ńlá kan, onígun mẹ́ta kékeré kan àti ohun kékeré kan tó rí roboto ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ yí àpótí kan tó ní ilẹ̀kùn ká. Wọ́n fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 34, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo péré ló kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán tó ń sún kiri. Àwọn yòókù rí ẹ̀dá tó ń fẹ́ nǹkan. Wọ́n ní onígun mẹ́ta ńlá yẹn, oníjàgídíjàgan ni, pé ó ń lé àwọn méjì tó kù, pé àwọn yẹn ń wá bí wọ́n á ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà lásán lórí pátákó ni o! Ọkàn èèyàn kì í dúró de ohun ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e. Tó bá ti rí ẹnì kan tó fẹ́ wọlé àti ẹnì kan tó dí i lọ́nà, ó ti gbè sẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn ná.

Nípa irú ìtàn tiyín gan-an, ìtàn ẹni tí ikú fẹsẹ̀ kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó wúlò jù lọ tí mo mọ̀ ni ti William Labov, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tó ń gba ohùn àwọn ará New York sílẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti wà níbi tí wọ́n ti rò pé ikú dé rí, torí pé ẹni tó bá ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í rántí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́. Òun àti Joshua Waletzky kọ ohun tí wọ́n rí jáde lọ́dún 1967. Wọ́n fi hàn pé kí èèyàn to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀léra nìkan ò tó. Ìtàn tó yè kooro máa ń ní ibi tí ẹni tó ń sọ ọ́ ti ń jẹ́ ká rí ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi tó sọ, ìyẹn ohun tó jẹ́ fún un. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, olùgbọ́ á kàn máa wò ó bí ẹni ń sọ pé "Kí wá ni?" Labov tún ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é pọ̀. Ẹnì kan á dá ìtàn dúró, á ní "Ẹ̀rù bà mí kọjá sísọ." Ẹlòmíràn ò ní dá a dúró rárá, ohun tí ẹnì kan sọ lákòókò náà, tàbí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, á gbé gbogbo ẹ̀rù náà.

Nínú ìtàn tiyín, "Ọlọ́run yọ wá" lẹ fi ṣe iṣẹ́ yẹn. Òótọ́ ni, èmi náà sì bá yín dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni, ẹni tó bá sì gbọ́ ọpẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fi dá a lóhùn: á ní "Ọlọ́run ṣeun," á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Torí náà, mi ò rò pé àwọn èèyàn yín kórìíra ọ̀rọ̀ yín, tàbí pé wọn ò bìkítà fún ẹ̀mí yín. Ìdáhùn tó bá ohun tí ẹ sọ mu ni wọ́n fún yín.

Ohun tó sì jọ mí lójú jù nínú lẹ́tà yín, ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ sì gbà á kọjá: ọmọ yín wà lẹ́yìn, ó ń rojọ́, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn yín wà. Ẹ wo ohun tó wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Bàbá kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì ò di nǹkan kan mú. Lákòókò yẹn gan-an, ọmọ kan ń bá a sọ̀rọ̀, bóyá ó tiẹ̀ ń retí èsì. Ohun méjì ni bàbá yìí ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kí ọkọ̀ dúró, kí ọmọ má sì gbọ́ ìbẹ̀rù lẹ́nu òun. Bó bá pariwo, ọmọ á mọ̀. Bó bá dákẹ́, ọmọ á ní "Bàbá, ẹ ò dá mi lóhùn." Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ọmọ rí, tàbí tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn ọkọ̀ rí, á ti wọ inú ọkọ̀ yẹn kó tó mọ̀. Ìbéèrè tuntun náà sì ti dé, tí a ò lè fi ojú rí ìdáhùn rẹ̀ lára yín níbi tí ẹ jókòó sí: báwo lẹ ṣe ṣe é tí ọmọ náà ò fi mọ̀?

Ká ní ẹ jókòó tì mí ni, ìbéèrè ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni ọmọ náà ń sọ gan-an? Ṣé ẹ dá a lóhùn, kí sì ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín? Kí ni ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ gbọ́ kí orí yín tó gbà pé bíréèkì ti já? Ṣé ẹ rọ jíà sílẹ̀ ni, àbí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, àbí ẹ ń wá ibi tí ẹ máa fi ọkọ̀ sọ́? Nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí ni ọmọ náà sọ? Bí mo bá sì ní kí n to ohun tí ẹ sọ fún mi láìfi ohun kan kún un ju bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí bíréèkì bá já, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: "À ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọmọ mi ń rojọ́ fún mi lẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ mi wọlé lọ, ọkọ̀ ò dúró. Ọmọ yìí ò sì dákẹ́." Gbólóhùn mẹ́rin ni. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí "ẹ̀rù bà mí," kò sí ẹni tó ti dúpẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró tán ni ọpẹ́ á wọlé, á sì wúwo nígbà náà, torí àwọn tó ń gbọ́ náà á ti fẹ́ dúpẹ́ kí ẹ tó sọ ọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo fi sílẹ̀. Orúkọ òkè náà ò sí níbẹ̀, ọjọ́ tó bọ́ sí ò sí níbẹ̀, ọdún tí ẹ ra ọkọ̀ ò sí níbẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹnu wa máa ń sáré lọ bá, torí a fẹ́ kí wọ́n gbà wá gbọ́: "Ọjọ́ Tuesday ni, rárá, Wednesday ni." Kí a tó yan ọjọ́ tán, ọkàn ti kúrò níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má sọ ohun kékeré o. Ohun kékeré ló ń jẹ́ kí ìtàn ní ẹran ara. Ohun tí mo ń wò ni bóyá ó ní iṣẹ́ tó máa ṣe níwájú nínú ìtàn náà. Bó bá ṣe pé mẹkáníìkì sọ fún yín lánàá ọjọ́ náà pé bíréèkì yẹn ò ní nǹkan kan, ẹ sọ ọ́, ẹ tiẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ á ti máa fura kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìfura yìí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ fíìmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣírí ni fíìmù fi ń mú wa, pé bí wọ́n bá ti fi nǹkan pamọ́ fún wa tó ni ara wa á ṣe wà lọ́nà tó. Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ọkàn èèyàn má balẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún François Truffaut, olùdarí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ lọ́dún 1962. Ó ní ká sọ pé èèyàn méjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì, a ò sì mọ̀. Ó bú gbàù. A ta gìrì fún ìṣẹ́jú àáyá 15, ó tán. Ká wá sọ pé a ti rí ẹni tó gbé bọ́ǹbù náà síbẹ̀, a mọ̀ pé aago kan ni yóò bú, aago ara ògiri sì fi hàn pé ó ku ìṣẹ́jú 15. Ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí yẹn kan náà ni wọ́n ń sọ o. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń wò ó ń fẹ́ pariwo sí wọn pé kí wọ́n dìde. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ti di ìṣẹ́jú 15 gbáko, kò sì sí ohun tó fà á ju pé wọ́n sọ òótọ́ fún wa ṣáájú lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bíréèkì síwájú nínú gbólóhùn mẹ́rin yẹn. Àwa mọ̀, ọmọ ò mọ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ náà bá sọ lẹ́yìn náà, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé, á gbọ̀n wá. Ìyàlẹ́nu náà ní ipò tirẹ̀, mi ò tàbùkù rẹ̀. Bí òpin ìtàn bá yí ohun gbogbo tí a ti rò padà, kí wọ́n fi pamọ́. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni ìyàlẹ́nu ń ta, tí ìdààmú ọkàn sì lè gbé èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fíìmù Jaws tó jáde lọ́dún 1975, nípa ẹja ekurá tó ń pa èèyàn, fi hàn pé a lè lo méjèèjì pọ̀. Ẹja ekurá tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe fún fíìmù yẹn ń bàjẹ́ nínú omi iyọ̀, ló bá di dandan fún Steven Spielberg, olùdarí rẹ̀, láti ya ọ̀pọ̀ ibẹ̀ láìfi ẹja náà hàn. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojú omi, orin, àti àgbá ofeefee tí wọ́n so mọ́ ẹja náà, tó ń sún lórí omi. Wọ́n fi ìrísí ẹja pamọ́, wọn ò fi wíwà rẹ̀ pamọ́. A mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé kan tó ń lu omi wá tó láti mú kí àyà wa já.

Ibí yìí náà ni mo ti máa dá yín lóhùn lórí fíìmù tí ẹ ń wò láwòtúnwò. Bó bá jẹ́ pé àìmọ òpin nìkan ló ń mú wa, ẹnikẹ́ni ò ní wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí fíìmù Titanic, nípa ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, jáde lọ́dún 1997, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà ti rì lọ́dún 1912. James Cameron, olùdarí rẹ̀, tún wá ṣe ohun kan tí mo kà sí ọgbọ́n ńlá: níbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, ó ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣàfihàn bí ọkọ̀ náà ṣe rì, láti ibi tí yìnyín ti gbá a dé ibi tó ti dá sí méjì. Nígbà tí ó wá di àsìkò rẹ̀, a mọ gbogbo ìpele tó ń bọ̀, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì ni. A kì í bi ara wa mọ́ pé kí ló máa ṣẹlẹ̀. Ohun tí à ń bi ara wa ni pé báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é, ta ni wọ́n á dìrọ̀ mọ́, kí ni wọ́n á ju sílẹ̀. Lọ́dún 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú kà, wọ́n sọ òpin rẹ̀ fún àwọn kan ṣáájú, wọn ò sọ ọ́ fún àwọn kan. Àwọn tó ti mọ òpin ló gbádùn ìtàn náà jù, ó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Àwọn olùwádìí mìíràn tún wò ó lẹ́yìn náà, tiwọn sì fi hàn pé mímọ òpin lè dín adùn kù, nítorí náà mi ò ní fi ìwádìí kan ṣòfin. Ohun tí mo lè sọ láti inú iṣẹ́ mi ni pé ìtàn tó bá kú fin-ín fin-ín nígbà tí wọ́n sọ òpin rẹ̀, òpin yẹn nìkan ló ní tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ ń padà sídìí rẹ̀ ní èèyàn nínú, ẹ sì ti fẹ́ràn wọn débi pé ẹ fẹ́ tún wà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ máa bù mọ́ ọn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé àbùmọ́ kì í ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀fẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ti gbà pé eré là ń ṣe. Nínú ìtàn ewu, mo kọ̀ ọ́. Ìwà rere jẹ́ ara ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tó sún mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ni pé ohun tí a bá fi kún un kì í sábà ju ohun tí a ti rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Tírélà tó ń bọ̀ níwájú, iná tó ń ṣẹ́ yọ lábẹ́ ọkọ̀, àfonífojì tó la ẹnu sílẹ̀: gbogbo rẹ̀ ti wà nínú fíìmù, olùgbọ́ sì mọ̀. Ohun tí ọmọ yín ń sọ lọ́jọ́ yẹn nìkan ni kò sí nínú fíìmù ẹnikẹ́ni. Bí a bá sì ń sọ àbùmọ́ kan lásọtúnsọ, ó ń wọ inú ìrántí wa lọ títí àwa fúnra wa ò fi ní mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Gígé ìtàn kúrú, gbígbé apá kan síwájú, dídá ọ̀rọ̀ wákàtí kan pọ̀ sí gbólóhùn kan, ìwọ̀nyí kì í ṣe irọ́. Gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń ṣe é, ẹ ṣe é láìbẹ̀rù.

Nípa ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ ni, apá kan wà tó jẹ́ ẹ̀bùn. Àwọn kan wà tí ohùn wọn mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, tí ojú wọn ń ṣe ìdajì iṣẹ́, tí wọ́n lè fara wé ọ̀gá wọn débi pé ẹ máa rí ọ̀gá náà. Bóyá àbúrò yín wà lára wọn, mi ò lè mọ̀ ọ́n láti inú lẹ́tà, mi ò sì lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìyẹn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n yíyan ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, mímọ ohun tí ẹnì kan ń fẹ́ níbẹ̀, dídi òpin mú títí dé òpin, iṣẹ́ ni wọ́n, ẹni tó bá ń ṣe é léraléra á mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí àwọn tí ẹnu wọn wúwo, tí wọn ò lè fara wé ẹnikẹ́ni, tí gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ sì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ torí pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan.

Ibi tí ìmọ̀ mi mọ wà o. Àwọn fíìmù ńlá kan wà tí kò sí ẹni tó ń lé ohunkóhun nínú wọn, tí wọ́n kàn ń wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àwọn kan sì fẹ́ràn wọn dé ojú ikú. Ohun tí mo sọ yìí ò lè ṣàlàyé gbogbo ìyẹn. Ìgbà mìíràn sì wà tí ìtàn ò ní ẹ̀bi kankan: ó ti rẹ àwọn tó ń gbọ́, tàbí ọkàn wọn wà níbòmíràn, tàbí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ló bà wọ́n tí wọ́n fi sá wọ inú fóònù. Ẹni tó fẹ́ràn yín lè má fẹ́ fojú inú wo yín nínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn yìí bí mo ṣe tò ó, ọmọ yín ló wà láàárín rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ojú àwọn èèyàn ló ti máa kọ́kọ́ mọ̀ pé òun wà nínú ewu lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ọjọ́ orí rẹ̀ lè gbé. Tèmi ni pé kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín níkọ̀kọ̀ ná, kí ẹ sì bi í ohun tó rántí, torí ó lè rántí gbólóhùn kan tó ti bọ́ lọ́kàn yín.

Ẹ má tíì gbé e padà síwájú gbogbo ilé. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò tíì gbọ́ ọ, kí ẹ sì tẹ́tí sí ìbéèrè tó bá bi yín, ẹ má wulẹ̀ wo bóyá ó rẹ́rìn-ín tàbí ó ṣe háà. Bó bá béèrè ohun tí ẹ fẹ́ sọ tẹ̀lé e, ibi tí ẹ fẹ́ kó wà ló wà, ẹ máa bá a lọ. Bó bá béèrè ohun tí ẹ ti sọ kọjá, ẹ yára jù níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ iye tí wọ́n fi tún bíréèkì náà ṣe ló béèrè, ọkàn rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ọkọ̀, gbólóhùn tí ẹ sọ kẹ́yìn kó tó béèrè rẹ̀ gan-an sì ni kí ẹ kọ́kọ́ gé kúrò.